Ẹyẹ Kan Tó Kù

Òfin ní ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan kí ẹ̀rọ tó kà á. Bí pẹ́pẹ́yẹ adágún wa kò bá pé ọgọ́rùn-ún lásìkò ọyẹ́, wọ́n á fa omi rẹ̀ gbẹ. Ọ̀kan ló kù.

Lájùwọ̀n, ẹnìkejì mi nínú ọkọ̀, nawọ́ sínú kùrukùru. "Pẹ́pẹ́yẹ nìyẹn."

"Igbá ni," mo ní. Lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ohun tó pe pẹ́pẹ́yẹ tèmi nìyẹn.

"Ẹlẹ́rìí kò fẹnu kò," ni ẹ̀rọ wí.

Ẹyẹ náà na ìyẹ́.

"Bàbá Fadérera, ẹ jọ̀ọ́! Ó fẹ́ fò lọ! Tiyín ìjọ́sí kì í ṣe igbá!"

"Sọ ọ́ sókè, kí ẹ̀rọ gbọ́."

Ó pariwo rẹ̀.

Ìgbà náà ni ojú mi wá ríran dáadáa. "Pẹ́pẹ́yẹ ni."