Ìrù Ìgúánà

Ìyàwó ilé náà ń gbọn omi ara ẹ̀fọ́ tútù nù kó tó kó o sínú fíríìjì, nígbà tí ọkọ rẹ̀ fọ́ ọ létí.

“Ewé tó o kó pamọ́ lánàá ti rà! Kí ni ìgúánà mi fẹ́ jẹ?”

Ó fa irun rẹ̀, ó wọ́ ọ dé ìdí àgò alángbá ńlá náà, ó sì ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Bí ọkọ ṣe tún gbọ́wọ́ sókè, ẹranko náà fi ìrù nà án lójú bíi pàṣán. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀, igbe rẹ̀ sì gba gbogbo àdúgbò Alájùe.

Ìyá Fawziyah, aládùúgbò wọn, kanlẹ̀kùn. “Ìyàwó, ṣé ó tún ti ń nà ọ́ ni?”

“Rárá, mà. Òun ló ń ké lónìí.”