Ìjánu Ajá

Ẹ bá mi gbè é. Àlọ́ mi rìn gbẹ̀rẹ̀, ó jókòó ti Ajá alájẹkì.

Ìyàn mú. Ọba Ẹfọ̀n gbé agbọ̀n ẹja kan jáde nínú àká. "Ẹni tó bá kó ara rẹ̀ níjàánu níwájú ẹja yìí di ìrọ̀lẹ́, òun ni yóò máa ṣọ́ àká wa. Ẹni tó bá tọ́ ọ wò yóò fi igbó sílẹ̀."

Ajá àti Ìgbín nìkan ló dá a láṣà. Ajá sáré yá ìjánu Ẹṣin, ó fi í há ẹnu.

Ìgbín ní, "Ọ̀rẹ́, ìjánu tí Kábíyèsí wí kọ́ nìyẹn o!"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, aláìlẹ́sẹ̀!"

Ajá tẹjú mọ́ ẹja, ó ń fimú kọrin:

Ojú mi, má wò ó.
*Tẹ̀rẹ̀nà.*
Imú mi, má gbóòórùn.
*Tẹ̀rẹ̀nà.*

Nígbà tó dọ̀sán, agbára ti tán lára rẹ̀. Kó tó dìrọ̀lẹ́, ó ti jẹ ìjánu, ó ti jẹ ẹja, ó ń lá agbọ̀n.

Wọ́n wá Ìgbín. Ó ti wọ ìkarahun láti àárọ̀, ó fi itọ́ ara rẹ̀ mọ ilẹ̀kùn funfun dí ẹnu ọ̀nà. Ọba alára kúnlẹ̀, ó rọra fimú kan ilẹ̀kùn náà.

Ajá bi í pé, "Báwo lo ṣe bá ẹja jà tó o ṣẹ́gun?"

"Èmi ò bá a jà. Mo tìlẹ̀kùn ni."

Ìgbín di aṣọ́ àká, Ajá bá fi igbó sílẹ̀, ó wá sọ́dọ̀ àwa èèyàn. Bí mo bá parọ́, ẹ dín ẹja, kẹ́ ẹ wo ẹnu ajá yín.