Ìbéèrè Ẹlẹ́ẹ̀kejì

"Ta lo rí tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù kí iná tó sọ?" Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọlọ́pàá kan ló ń bi ọmọdébìnrin kékeré kan.

"Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ ni, sà."

Ìyá àgbà tó mú ọmọ ọmọ rẹ̀ wá mí kanlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, jórinjórin tí ọmọ náà ń pè ní bùọ̀dá, ni wọ́n tì mọ́lé nítorí iná yìí, ọmọdé yìí nìkan ló sì rí ẹni tó jáde.

"Ṣé ó ga bíi bùọ̀dá ẹ tó ń jórin?"

"Ó ga, sà."

"Àbí bùọ̀dá ẹ gan-an ni?"

"Rárá, sà."

Ìyá àgbà wúkọ́.

"Ìyá, ikọ́ yín ń sọ̀rọ̀ o! Tẹ́ ẹ bá tún wúkọ́, ìta lẹ máa bá ara yín." Ó yíjú padà sí ọmọ náà. "Mo tún bi ọ́: ṣé bùọ̀dá ẹ kọ́?"

Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló fi ìfọ́tí kọ́ ọmọ yìí nílé pé bí àgbà bá tún ìbéèrè kan náà bi ọ́, èyí tó o kọ́kọ́ sọ kò dáa, tètè wá òmíràn sọ. Gbogbo àdúgbò ló ń yìn ín pé ọmọ rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́.

"Òun ni, sà."

"Ọmọ dáadáa." Ọlọ́pàá fọwọ́ pa á lórí.

Ọmọ náà sáré wá dì mọ́ orúnkún ìyá àgbà. "Màmá, mo ti sọ èyí tó dáa! Kò bi mí mọ́. Ṣé bùọ̀dá máa bá wa lọ sílé báyìí?"