Má Sọ Fún Un Lójú Ọ̀nà

Bàbá Oyèlẹ́yẹ, àbúrò bàbá Fẹ́rànmí àti Obed ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ló pe Fẹ́rànmí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní Bàbá ti lọ. Ó ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni wọ́n máa sin ín nílé n'Ílá.

"Lọ gbé Obed létí òkun, kẹ́ ẹ jọ máa bọ̀. Sọ fún un pé ara Bàbá ò yá. Má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú ọ̀nà o. Ṣó o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, sà."

Fẹ́rànmí ń wa ọ̀kadà l'Ẹ́pẹ́, ó mọ ìdí ọ̀rọ̀. Wọn kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lórí ìrìn. Obed sì ni àrẹ̀mọ, Bàbá ni gbogbo ayé ẹ̀. Tó bá gbọ́ lójú ọ̀nà, ó lè já bọ́ lórí ọ̀kadà. Tí wọ́n bá sì pẹ́, wọn á ti bo sàréè kí àwọn ọmọ tó dé. Ó fomi bọ́jú, ó yáa gbéra.

Bíríkìlà ni Obed, Lẹ́kkí ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ń kọ́lé sí létí òkun. Orí báàgì ẹ̀ ni Fẹ́rànmí ti bá a tó jókòó, tó ń wo omi. Kò bèèrè ohun tó gbé àbúrò ẹ̀ wá láàárín ọ̀sẹ̀.

"Bùọ̀dá, ara Bàbá ò yá."

"Á yá. Bọ́ sẹ́yìn, jẹ́ n wà á."

"Iṣẹ́ mi kọ́ nìyí ni?"

"Èmi kọ́ ni ẹ̀gbọ́n ni? Bọ́ sẹ́yìn, jàre. Mú fóònù ẹ wá, kí n máa fi ya fọ́tò."

Obed ti ìpè orí fóònù náà pa, ó ki í sápò. Inú Fẹ́rànmí dùn sí i. Ó kéré tán, kò sẹ́ni tó máa pè láti kí òun kú ọ̀fọ̀ létí ẹ̀gbọ́n òun.

Àmọ́ Obed ò sáré. Ó ń wà á bí ẹni tó gbé ẹyin. Ó dúró ya ọkọ̀ ojú omi, ó dúró ra àgbọn. Nígbà tí wọ́n dé Òrè, oòrùn ò tíì wọ̀, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun, kí àwọn sùn síbẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ojú àwọn méjèèjì pọ́n bíi ti ẹni tó rẹ́ àlùbọ́sà.

L'ọ́jọ́rú, ó ya Ìdànrè.

"Ta ló ń kọjá Ìdànrè tí kì í gun òkè?"

"Bùọ̀dá, Bàbá ń dúró dè wá!"

"Bàbá ò lọ síbì kankan."

Omi lé ròrò lójú Fẹ́rànmí. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ so bàtà. Wọ́n gun àtẹ̀gùn òkè náà títí. Lókè, kẹ́nu Fẹ́rànmí má baà tú àṣírí ikú Bàbá, ó wá ọ̀rọ̀ míì sọ.

"Faith á fẹ́ràn ibí o. Òkè ló ń yà sí gbogbo ìwé ẹ̀."

Faith ni ọmọ kan ṣoṣo tí Fẹ́rànmí bí. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, ọ̀dọ̀ Bàbá ló ń gbé n'Ílá látìgbà tí ìyá ẹ̀ ti kó lọ. Obed kọjú sí àpáta, ó wú ikọ́ títí.

"Atẹ́gùn ibí ti pọ̀ jù," ló sọ. "Jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀."

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n dé Ìgbájọ kó tó di ọ̀sán. Òkè yí wọn ká. Ìlá ò ju ìrìn wákàtí kan lọ mọ́. Obed bá dúró níbi tí wọ́n ti ń ta iyán, ó ní kí wọ́n bù ú wá. Kò fọwọ́ kàn án.

"Bọ̀ọ̀dá," obìnrin tó ni iyán sọ, "ṣé iyán mi ń bú yín ni?"

Aago kan lù. Aago méjì lù.

"Bùọ̀dá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ dìde!"

"Ta ló ń lé ẹ?"

Fóònù Obed dún lápò ẹ̀. Ó gbé e lọ sẹ́yìn ògiri. "Ẹ ṣé, sà. À ń bọ̀ báyìí," ni Fẹ́rànmí gbọ́. Nígbà tó padà, kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́.

"Jókòó sẹ́yìn. Dì mí mú dáadáa."

Ó gba Ọ̀tan Ayégbajú kọjá bí ìjì. Fẹ́rànmí gbọ́ bí ara ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣe ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un. Wọn ò ṣe jẹ́ kó délé?

"Ẹ rọra, Bùọ̀dá! Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká kú!"

Aago mẹ́rin ò tíì lù tí wọ́n fi dé. Kò sí àtíbàbà, kò sí yẹ̀pẹ̀ sàréè lójúde. Àwọn ìyá ìjọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fẹ́rànmí bẹ́ sílẹ̀ kó lè di ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mú kó má ṣubú, àmọ́ Obed ló di òun mú, apá méjèèjì, gírígírí.

Ilẹ̀kùn ṣí, Bàbá fúnra ẹ̀ tẹ̀pá jáde, ó wá dúró níwájú Fẹ́rànmí, ó ní, "Ọmọ mi, èmi ni mo ní kí wọ́n fi ikú mi pè ẹ́ wálé, kí Obed sì máa falẹ̀ títí wọ́n á fi sin Faith tán, torí òbí kì í bá wọn sin ọmọ ẹ̀."