Ràzáàkì àti Ẹlẹ́rìí Tí Kò Fẹ́ Pè

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìlà méjì péré kí ẹ tó fi nǹkan ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí, ẹ dákun, ẹ ka èyí dé ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí, ó sì ń sú mi, nítorí ohun tó fà á kò tó nǹkan rárá.

1.
Ràzáàkì, ọmọ Pobè, ti lo ọdún méjìlélógún ní lábò kan, ilé àyẹ̀wò àrùn, ní Gbégamey. Bí dókítà bá gé bíńtín nínú ẹran ara aláìsàn, òun ló ń yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n lè mọ àrùn tó wà níbẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ náà, a ò lè parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà á nímọ̀ràn o! Kíá ni yóò sọ pé, "Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ìwọ ò tíì mọ ọwọ́ wẹ̀."

2.
Ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, wọ́n gbé ẹran kíndìnrín obìnrin kan wá. Fàdílátù ni orúkọ rẹ̀, olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Fidjrossè, ìyá ọmọ méjì. Nígbàkígbà tí ọ̀fun bá ń dùn ún, ìtọ̀ rẹ̀ máa ń pọ́n bí omi bísàápù, omi ìṣápá pupa tí à ń mu. Dókítà Àkàndé tó ń tọ́jú rẹ̀ fura sí IgA. IgA yìí wà lára àwọn ọmọ ogun tí ara wa fi ń bá àrùn jà, ṣùgbọ́n lára àwọn kan, ó máa ń kóra jọ sínú kíndìnrín, á sì máa bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Omi kan wà tí wọ́n fi ń wá a. Láti ara irú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni wọ́n ti pèsè rẹ̀, kì í sì í lẹ̀ mọ́ nǹkan mìíràn àyàfi IgA. Bí ó bá rí i nínú ẹran, tí wọ́n sì fi aró sí i, ojú ibẹ̀ á dà bí kọfí. Ṣùgbọ́n omi náà kórìíra ooru, inú fìrígò ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe gbé òfin kan kalẹ̀. Ẹ mú ẹran mìíràn tí ẹ ti mọ̀ dájú pé IgA wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì ṣe é pọ̀ mọ́ ti aláìsàn. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń pè é. Bí ẹlẹ́rìí ò bá dà bí kọfí, omi ti kú nìyẹn, èsì yẹn kì í ṣe èsì.

3.
Iná ti lọ láti ọjọ́ Ẹtì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Olúfúnkẹ́, tí òun àti Ràzáàkì jọ ń ṣiṣẹ́, fọwọ́ kan ìgò omi náà nínú fìrígò. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Ọ̀gá, ìgbà kẹrin rèé tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lóṣù yìí. Ẹ jẹ́ ká gba ìgò tuntun. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ jẹ́ ká fi ẹlẹ́rìí sí i."

"Fúnkẹ́, ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, ọ̀gá."

"Ẹran ẹlẹ́rìí tó kù kò pọ̀. Mi ò ní fi ṣòfò lórí ohun tí ojú mi mọ̀."

"Ọ̀gá, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé..."

"Mo ní ó tó!"

Ẹ gbọ́ nǹkan! Ẹran tí kò tó èékánná ni àgbàlagbà ń ṣahun sí! Ó ṣe iṣẹ́ náà, kò rí kọfí kankan, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé, "Kò sí IgA," ó sì buwọ́ lù ú. Olúfúnkẹ́ dákẹ́, kò sì tún dá sí i mọ́. Èyí náà ń bí mi nínú.

4.
Dókítà Àkàndé gba ìwé náà gbọ́, ó sì gbé ìtọ́jú gba ọ̀nà mìíràn. Oṣù mẹ́sàn-án kọjá. Ẹsẹ̀ Fàdílátù wú, kò lè dúró níwájú pátákó mọ́. Dókítà fúnra rẹ̀ wá sí lábò.

"Ẹran ti oṣù kẹta dà?"

"Ó wà nínú ìda tí a fi ń tọ́jú ẹran, ṣùgbọ́n mo ti yẹ̀ ẹ́ wò," ni Ràzáàkì dáhùn.

"Ẹlẹ́rìí tí ẹ ṣe pọ̀ mọ́ ọn dà?"

Olúfúnkẹ́ mú ìgò tuntun, ó fi ẹlẹ́rìí sí i, ó tún iṣẹ́ náà ṣe. Àwọ̀ kọfí kún inú kíndìnrín Fàdílátù. Ó wá mú ìgò àtijọ́, èyí tí Ràzáàkì ṣì ń lò láti ìgbà náà, ó dán an wò lára ẹlẹ́rìí. Kò yọ àwọ̀ kankan. Èèyàn mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti fi omi òkú yẹn ṣe èsì fún.

5.
Kíndìnrín Fàdílátù ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni ẹ̀rọ ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Ràzáàkì, tí wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ dání, ohun tí dókítà ti kà léèwọ̀ fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Òun tó mọ gbogbo nǹkan!

"Olùkọ́, dákun, forí jì mí."

"Bàbá, ẹlẹ́rìí tí wọ́n ní ẹ ò fi sí i yẹn, báwo ni ì bá ṣe pẹ́ tó?"

Ràzáàkì wo ilẹ̀. "Kò ní pẹ́. Ìgbà kan náà la máa ń ṣe wọ́n, ìgbà kan náà ni wọ́n sì ń parí."

"Kò tiẹ̀ ní fi ìṣẹ́jú kan kún un?"

"Kò ní fi nǹkan kan kún un."

Fàdílátù yí ojú sí ògiri.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bó ti wù kí ẹ ti pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́, ẹ yẹ ara yín wò. Bí ọmọdé bá rí àṣìṣe yín, ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ìwọ ọmọdé náà, bí wọ́n bá pa ẹ́ lẹ́nu mọ́, tún un sọ, lọ sọ fún ẹlòmíràn. Ara ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ibi tí à ń ṣe fáàrí sí. Àwọn àgbà ní: ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.