Ohun Tí Oòrùn Ń Ṣe fún Ọ̀dà

Alhaja Mujeebat, tó ni ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan ní Olúyọ̀lé, kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ tí kò tíì jinná máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó mú ọmọbìnrin kan wá sí yàrá tí wọ́n ti ń po ọ̀dà.

"Ìyá Ayọ̀, Ẹwàolúwa nìyí. Ẹ kọ́ ọ ní gbogbo nǹkan tí ẹ mọ̀."

Kò ṣàlàyé kankan. Ó yí padà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àbẹ̀ḿbí, tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè ní Ìyá Ayọ̀, rẹ́rìn-ín sí ọmọ náà, àmọ́ àyà rẹ̀ ti já. Ó ti rí irú èyí rí. Níbi tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ní Ring Road, bí wọ́n ṣe mú ọmọ kan wá bá a náà nìyí. Ó kọ́ ọ tọkàntọkàn, ọmọ mọ iṣẹ́ tán, ni wọ́n bá ní kí Àbẹ̀ḿbí máa lọ sílé. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ọkọ rẹ̀ sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù kan ní Jericho, kò lè gbé apá, kò lè gbé ẹsẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi ń ra oògùn rẹ̀, òun náà ni àwọn ọmọ fi ń jẹun. Bó bá bọ́, wọ́n gbé nìyẹn.

Ó kọ́ Ẹwàolúwa bí wọ́n ṣe ń wọn àwọ̀ sínú ọ̀dà funfun, àti bí wọ́n ṣe ń rò ó títí kókó kankan ò fi ní sí nínú rẹ̀. Àmọ́ bí iṣẹ́ bá ti fẹ́ parí, ọ̀rọ̀ á yí padà.

"Ẹwà, sáré lọ bá mi ra búrọ́ọ̀ṣì wá ní Dùgbẹ̀."

Kí ọmọ náà tó dé, Àbẹ̀ḿbí á ti fi díẹ̀ nínú ọ̀dà náà kun pátákó kékeré kan, á gbé e sínú oòrùn títí yóò fi gbẹ. Ìgbà yẹn ló tó máa ń mọ ohun tó kù tó yẹ kó fi kún un. Ọ̀dà tútù a máa tan èèyàn jẹ, gílóòbù inú yàrá náà a sì máa bá a purọ́. Bí Ẹwàolúwa bá dé láti Dùgbẹ̀, á bá a pé ọ̀dà ti wà nínú ike, wọ́n ti dé e pa.

Ọmọ náà kì í bínú. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé láàárọ̀, òun náà ló máa ń gbẹ̀yìn kúrò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n wo bí ẹ ṣe ń parí ẹ. Kì í ṣe torí tèmi nìkan ni mo ṣe ń bẹ̀ yín."

"Torí ta tún ni?"

Ẹwàolúwa wo ilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Alhaja ní kí n má tíì sọ̀rọ̀."

Wọ́n ti gbìmọ̀ nìyẹn. Oorun ò kun Àbẹ̀ḿbí mọ́ láti ọjọ́ náà.

Alhaja náà ò jẹ́ kó sinmi. Ó yà wọlé lọ́jọ́ kan, ó béèrè bóyá Apete náà ló ṣì ń gbé. Àbẹ̀ḿbí ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ó jìn o," ni Alhaja wí. Láti ọjọ́ yẹn ni Àbẹ̀ḿbí ti ń jí bọ́ sọ́nà kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n má baà rí ẹ̀sùn pípẹ́ dé kà sí i lọ́rùn. Ìgbà mìíràn, Alhaja ní wọ́n ń kun ilé iṣẹ́ tuntun tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sí Challenge. Ká ní Àbẹ̀ḿbí ló ni ọ́fíìsì níbẹ̀, àwọ̀ wo ló máa wù ú? Àbẹ̀ḿbí ní àwọ̀ ewé ni, irú ti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ó pò ó, wọ́n gbé e lọ.

Ọjọ́ tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á wá dé. Ilé ìwé kan ní Bodija fi èérún ògiri wọn ránṣẹ́, wọ́n fẹ́ ọ̀dà tó bá a mu. Alhaja fúnra rẹ̀ gbé e wọlé.

"Ìyá Ayọ̀, ẹ káwọ́ gbera lónìí. Ẹwàolúwa ló máa pò ó."

Ẹwàolúwa wọn àwọ̀, ó rò ó, ó gbé èérún náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dà tútù lábẹ́ gílóòbù. Ó jọ ọ́ délẹ̀délẹ̀. Síbẹ̀ ó gbójú sókè wo Àbẹ̀ḿbí, ojú náà sì ń bẹ̀bẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló kù: gbé e sóòrùn ná. Ó ti dórí ahọ́n Àbẹ̀ḿbí. Ó rántí ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì gbé e mì.

Wọ́n fi ọ̀dà náà kun pátákó. Nígbà tó gbẹ tán, ó dúdú ju ògiri náà lọ, afọ́jú nìkan ni kò ní rí i. Alhaja wò ó, ó mí kanlẹ̀.

"Ìyá Ayọ̀, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Bí ẹ ò bá sí níbí, ọmọ yìí á lè dá a ṣe?"

"Rárá o, Alhaja. Ọpọlọ ẹ̀ ò gbé e. Ọjọ́ tí mo bá kúrò níbí, iṣẹ́ dúró nìyẹn."

Ẹwàolúwa bú sẹ́kún.

"Kò burú," ni Alhaja wí. "Ẹ ò ní kúrò níbí."

Ara tu Àbẹ̀ḿbí. Ó kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́, ó ń ṣàdúrà fún Alhaja àti àwọn ọmọ rẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ náà ló wà nígbà tí Alhaja gbé fóònù sétí, tó pe Ṣọlá tó ń kun ilé fún wọn.

"Ṣọlá, ẹ bá mi fi funfun bo àwọ̀ ewé inú ọ́fíìsì máníjà ní Challenge yẹn," ni Alhaja wí, "Ìyá Ayọ̀ tí mo fẹ́ fi ṣe máníjà ibẹ̀ ò ní lè wá mọ́, a ò rí ẹni tó máa rọ́pò wọn níbí."