Ìró Mẹ́ta Nínú Ilé Ìgbọ́dò

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gba ohùn odò Lẹ́kùn sílẹ̀, láti orísun rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀sà. Ohùn náà ló ń dún nínú Ilé Ìgbọ́dò báyìí, tí àwòrán omi sì ń ṣàn lára ògiri. Láràárọ̀ la máa ń bọ́ bàtà níbẹ̀, tí a ó dijú, tí a ó fetí sí odò, tí a ó sì tẹ̀ka fún akọ̀wé ìjọba pé odò ń bẹ láàyè. Bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá tẹ̀ka, òfin yọ̀ǹda kí ilé iṣẹ́ aláró òkè odò, tó ń da omi aró sínú rẹ̀, ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Lónìí, Ìyá Abẹ́gúndé, opó atukọ̀, kọ̀.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ ó sọ wá di ọgọ́rùn-ún," ni akọ̀wé wí. "Àbí ẹ ò gbọ́ odò ni?"

"Ọkọ mi ni mo gbọ́. Ta ló tún ń kan etí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbéra? Ọdún kẹjọ rèé tí mo sin ín. Bí òun náà bá ń bẹ láàyè, ẹ jẹ́ n tètè lọ dáná fún un."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rín in, nítorí inú ọkọ̀ yẹn ni mo jókòó sí lọ́jọ́ tí mo gba ohùn náà sílẹ̀. Wọ́n ti fi iṣẹ́ ọwọ́ mi ṣe aṣọ ìbòkú fún odò. Mo dìde, mo pa ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn náà jáde.

"Màdáàmù, kí ni wọn yóò máa gbọ́?" ni akọ̀wé bi mí.

"Ohun tó kù lódò."

A ṣí fèrèsé tó kọjú sódò. A kò gbọ́ nǹkan kan.

Mo jẹ Ìyá Abẹ́gúndé ní ẹ̀bẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà jẹ gbogbo wa ní odò kan.